Ibi tí òfin gbígba ìyọ̀ǹda nínú ìwádìí ìṣègùn ti ṣẹ̀ wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹjọ́ tí a ṣe fún àwọn dókítà Hitler ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1947, ni ó bí òfin tí ó ní kí dókítà gba ìyọ̀ǹda ẹni kí ó tó fi ara onítọ̀hún ṣe ìwádìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí: òfin náà ti wà ní Jámánì fún ọdún mélòó kan kí ìwà ìkà tí a ṣe ẹjọ́ lé lórí tó wáyé rárá.

Ní ìlú Breslau, tí ó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà, ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Neisser, ẹni tí ó ṣàwárí kòkòrò àtọ̀sí ní ọdún 1879, ń wá àjẹsára fún àrùn ìbálòpọ̀ tí a ń pè ní syphilis. Ó fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà ń bá jà, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí ara àwọn obìnrin tí nǹkan mìíràn gbé wá sí ilé ìwòsàn, tí àwọn aṣẹ́wó sì wà nínú wọn, láìsọ fún wọn, láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àrùn náà mú díẹ̀ nínú wọn, ó ní iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n ti kó o. Ní tèmi, àwíjàre yìí burú ju abẹ́rẹ́ náà lọ, nítorí ṣe ni ó di ẹ̀bi ru ẹni tí a ṣẹ̀. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1900, mínísítà ìjọba Prussia, ìpínlẹ̀ Jámánì tí Breslau wà nínú rẹ̀, pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ fi ọmọdé ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi àgbàlagbà tí kò bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbọ́ ewu tí ó wà níbẹ̀ ṣe é. Ní 1931, ìjọba Jámánì tún ṣe ìlànà tí ó gbòòrò ju èyí lọ.

Ìlànà yẹn kan náà ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn dókítà Hitler ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n dánra wò nínú àwọn ọgbà ìtìmọ́lé. Àwọn 23 ni a gbé dé ilé ẹjọ́ ní Nuremberg. A dá 16 lẹ́bi, a sì yẹgi fún 7. Àwọn adájọ́, tí wọ́n jẹ́ ará Amẹ́ríkà, kọ ìlànà mẹ́wàá sínú ìdájọ́ wọn, ìyọ̀ǹda àtinúwá ni ó sì ṣíwájú gbogbo rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà yìí kan náà, láti ọdún 1932, àjọ ìlera ìjọba ti ń ṣọ́ bí syphilis ṣe ń ba ara àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 jẹ́ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí wọ́n sì ń tan wọ́n pé ìtọ́jú ni àwọn ń fún wọn. Penisilíìnì dé, ó sì di oògùn tí gbogbo dókítà ń lò fún àrùn náà, síbẹ̀ wọn kò fún wọn. Ní 1969, ìgbìmọ̀ kan jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní kí ìwádìí máa bá a lọ. Ìgbà tí akọ̀ròyìn Jean Heller tú àṣírí náà ní oṣù Keje ọdún 1972 ni ó tó dópin.

Òfin tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 1974 gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ olùwádìí nìkan: ìgbìmọ̀ ní láti yẹ iṣẹ́ náà wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìjábọ̀ Belmont ti 1979, èyí tí ìgbìmọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀ kọ, wá fi ìdájọ́ òdodo kún ọ̀wọ̀ fún ènìyàn àti ṣíṣe oore, kí a lè máa béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ tálákà àti ẹni tí kò ní agbẹnusọ ni a máa ń yàn fún ìwádìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.