Ọṣẹ ìfófó: ọṣẹ ló ń hó ni, àbí ìgò?

Ẹ ó ti rí i ní báńkì tàbí nílé ìwòsàn: ẹ tẹ orí ìgò lẹ́ẹ̀kan, nǹkan funfun tó rọ̀ bí òwú sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọṣẹ àrà ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Rárá o. Ọṣẹ tí wọ́n fi omi là ni. Orí ìgò ló ń ṣiṣẹ́.

Ìfófó ò ju atẹ́gùn tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé mọ́ra lọ. Omi lásán kì í lè wé e pẹ́, torí omi máa ń di ara rẹ̀ mú. Ìyẹn ni ìrì fi ń rí roboto lórí ewé kókò. Ọṣẹ ló ń dẹ ìdìmú yẹn, tí omi fi lè nà bí awọ. Tí ẹ bá tẹ orí ìgò, ó ń ti omi ọṣẹ, ó sì ń ti atẹ́gùn pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì á jọ gba inú asẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kéré gan-an kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di ìfófó.

Asẹ́ yẹn ni mo kó bá. Mo ra ọṣẹ dúdú lọ́jà Akẹ̀sán, níbí ní Ọ̀yọ́, mo fi omi díẹ̀ pò ó títí ó fi ń fà bí ewédú, mo dà á sínú ìgò. Kò pẹ́ tí orí ìgò fi gan. Ìyá tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ mi, ọṣẹ eérú nìyẹn, o ò sì sẹ́ ẹ?"

Ní báyìí, omi gbígbóná ni mo fi ń yọ́ ọ, mo sì ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ ọṣẹ olómi ìfọwọ́, ife ọṣẹ 1 sí ife omi 3 tàbí 4 ti tó. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà, kí ọṣẹ tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ rọra yí i. Tẹ́ ẹ bá mì í, inú ìgò ló máa hó sí. Ẹ se omi náà, kó tutù, torí bẹ́ ẹ ṣe la ọṣẹ lẹ la èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pò ó. Omi kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Omi òjò dáa jù ú lọ.

Ìfófó fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fọ ọwọ́ o. Ọṣẹ inú rẹ̀ ni, àti kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Àwọn ọmọ ilé mi ò tíì gbà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á fi ṣe irùngbọ̀n.