Ìwọ̀n ara, eré ìdárayá àti ìtọ̀ lára àwọn àgbà ọkùnrin

Bí ọkùnrin bá ti ń kọjá 50 ọdún, ìtọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yí padà: ó lè máa jí léraléra lóru láti tọ̀, ìtọ̀ lè pẹ́ kó tó jáde, tàbí kó máa kán lẹ́yìn tó ti rò pé òun ti tọ̀ tán. Pírósíteètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tí ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, nítorí ó ń tóbi sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Ìtóbi yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, òun nìkan kọ́ ló sì ń fa ìnira náà.

Ọ̀rá tó kó jọ sí ikùn a máa tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún ń sọ díẹ̀ nínú testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, di estrogen, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, ó sì lè mú kí ara má gbọ́ràn sí insulin, họ́mọ́ọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́, èyí tó ń ṣínà fún àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá sì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á máa fi omi púpọ̀ gbé e jáde. Ẹni tó sanra, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tún lè máa jí láti tọ̀, torí pé ọkàn rẹ̀ tí wàhálà èémí bá ń tú họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú kíndìnrín ṣe ìtọ̀ sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa bínú sí pírósíteètì rẹ̀ láìnídìí.

Ní ti eré ìdárayá, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 fi hàn pé, láàárín àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìlera, ewu ìtóbi pírósíteètì fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kéré lára àwọn tó ń fi wákàtí 2 sí 3 rìn lọ́sẹ̀. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi dáni lójú pé ìrìn nìkan ló fà á, nítorí ẹni tó ń rìn lè yàtọ̀ sí ẹni tó ń jókòó ní ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀, àǹfààní kan wà tó rọrùn láti lóye: omi tó bá kó sẹ́sẹ̀ lójúmọmọ a máa padà sínú ẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, a sì di ìtọ̀ òru, ṣùgbọ́n ìrìn ìrọ̀lẹ́ máa ń jẹ́ kí iṣan ẹsẹ̀ ti omi náà sókè kí àkókò oorun tó tó. Fífún iṣan ìdí pọ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, wúlò ní pàtàkì fún àwọn tí ìtọ̀ ń já bọ́ lára wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pírósíteètì.

Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà láìjáfara. Ẹni tí kò bá lè tọ̀ rárá gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ìtọ̀ tó há lè padà sẹ́yìn kó sì ba kíndìnrín jẹ́.