Ẹkùn Ìdìbò Kì Í Ṣe Oyè Ìdílé

Bí ìdìbò bá ti ku díẹ̀ báyìí ni àwọn ìgbìmọ̀ ìlú máa ń rọ́ wá bá mi. Wọ́n á ní kí n bá àwọn ya máàpù kí ìlú àwọn lè ní ẹkùn ìdìbò tirẹ̀. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, n kì í lé oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun tó máa ń wà nínú fáìlì wọn: ìtàn bí baba ńlá wọn ṣe jáde ní Ifẹ̀, fọ́tò Kábíyèsí tòun tadé, orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ìlú, àti iye àwọn tó ti gba káàdì ìdìbò. Kò sí èyí tí mo lè fi fa ìlà nínú wọn.

Abala 72 ìwé òfin 1999 ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí iye olùgbé ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ra débi tó bá ṣeé ṣe, kí ẹkùn kan má sì wọ ìpínlẹ̀ méjì. Olùgbé ló wí. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kó jáde lánàá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò tó ọdún 18 kó tó fọwọ́ kan káàdì. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé nígbà tí INEC sọ ibùdó ìdìbò 119,974 di 176,846 ní 2021, ẹkùn tuntun ni wọ́n yà. Rárá o. Ibi tí ẹ ti ń tò dìbò ni wọ́n fi kún.

Ẹ pín 140,431,790 tí wọ́n kà ní 2006 sí ọ̀nà 360, ìyẹn iye àwọn aṣojú-ṣòfin tó wà l'Ábújà, ẹ ó rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ kó ṣojú fún nǹkan bí 390,000 èèyàn. Láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ burú: Kánò, 9,401,288, ẹkùn 24, Èkó, 9,113,605, ẹkùn 24 náà ni. Inú ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dàrú. Alímọ́ṣọ́ ti ju 1,270,000 lọ nígbà náà, ẹkùn kan ṣoṣo ló ní. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tí kò ju nǹkan bí 117,000 lọ ní kan. Erékùṣù Èkó, nǹkan bí 210,000, ní méjì! Ọdún 1996 ni wọ́n ti ya ìlà wọ̀nyí gbẹ̀yìn, ayé ológun. Abala 73 ní kí INEC máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó ṣáà ti tó ọdún mẹ́wàá ó kéré tán láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kò sọ iye ọdún tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí INEC bá sì ya tuntun pàápàá, abala 74 ní ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹni tó jókòó sórí àga ni ẹ ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí ẹ gé ẹsẹ̀ àga.

Gbogbo ìyẹn kì í bí mi nínú tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Mo mọ agbo ilé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ akànìyàn lójú ní 2006. Baálé ní òun kò ní fi àwọn ọmọ òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó dáa, wọn kò kà wọ́n, wọn kò sí nínú iye. Ọmọ agbo ilé yẹn kan náà ló wá bínú sí mi lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tí wọ́ọ̀dù àwọn fi kéré. Àwọn mìíràn sá kúrò l'Ékòó lọ sí abúlé kí wọ́n lè kà wọ́n síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí akànìyàn bá ti bá ọ ló ń kà ọ́ sí. Ìkànìyàn tí à ń retí ní 2023, wọ́n sún un síwájú, nítorí náà iye 2006 yẹn náà la ṣì ń jẹ lẹ́nu.

Iye lásán kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀. Àjọ ìkànìyàn pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí àdúgbò kéékèèké tí à ń pè ní EA, tí akànìyàn lè kà tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ààlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú rí: odò, títì, ojú irin, ọ̀nà ẹsẹ̀. Àwọn EA yìí la ń tò pọ̀ tí wọ́n fi ń di ẹkùn. Ẹ wá ń mú fọ́tòkọ́pì máàpù àtijọ́ wá, ẹ ti fi bírò fa ààlà sí i lára. Máàpù tí mílímítà kan rẹ̀ dúró fún mítà 50 lórí ilẹ̀! Ojú bírò yín nìkan ti gbé òpópónà kan mì tilé-tilé.

Òmíràn tún wà tó burú jùyẹn lọ. Máàpù ìjọba àtijọ́, àmì ìpìlẹ̀ kan lẹ́bàá Minna, ní ìpínlẹ̀ Niger, ni a ti wọn gbogbo wọn. Fóònù yín kò mọ Minna rí. Ìpìlẹ̀ tí gbogbo àgbáyé ń lò fún GPS ló ń bá ṣiṣẹ́. Ibì kan náà, nọ́ḿbà méjì. Bí ẹ bá gbé nọ́ḿbà fóònù lé máàpù Minna láìyí i padà, ní agbègbè Èkó, ohun gbogbo yóò yẹ̀ ní nǹkan bí mítà 100 sí apá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn. Ọdún mélòó ni mo ti ń pariwo èyí! Ọmọdé tó ra fóònù lánàá á ní òun náà ti di awọnlẹ̀.

Ìlú kan létí ọ̀sà bọ́ sọ́wọ́ irú wọn. Ọkùnrin kan pe ara rẹ̀ ní kọnsọ́tántì, ó ní òun mọ èèyàn l'Ábújà, ẹkùn yóò jáde kí ìdìbò tó dé. Ó bu owó lé agboolé kọ̀ọ̀kan, ó gbé fóònù rìn yí ìlú ká, ó sì fún wọn ní máàpù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi pé kí n bá àwọn lu òǹtẹ̀, mo kó àwọn nọ́ḿbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àríwá ìlú ni ọ̀sà wà, àríwá náà ni ìlú ti ṣí gbà. Ààfin wà nínú omi. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú omi. Ibùdó ìdìbò méjì, inú omi. Mo yí kọ̀ǹpútà sí wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Wọ́n dákẹ́ títí. Bàbá kan nínú wọn wá bi mí pé èló ni n óò gbà láti fa ìlú padà sí ìyàngbẹ ilẹ̀. Mo ní ìyẹn kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò ní gba kọ́bọ̀. Akọ̀wé wọn wò mí, ó wo bàbá, ó ní àwọn ti san ìdajì owó tó kù fún ọkùnrin náà láàárọ̀ yẹn.