Bí Èémí Tó Ń Jáde Ṣe Ń Tú Àṣírí Kíndìnrín

Ní Àjàṣẹ́, bí èèyàn bá wà ní réanimation, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ohun tí àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń bi nọ́ọ̀sì ni pé, "Mélòó ló wà lórí ìka ẹ̀?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ 98, ọkàn wọn á balẹ̀. Kò burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ́síjìn nìkan ni 98 yẹn ń sọ. Ohun tí wọ́n fi há ìka kò mọ nǹkan kan nípa gáàsì kàbọ́níkì, ìyẹn CO2, tí ara ń dá sílẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ jáde. Bí wọ́n bá ń fún aláìsàn ní ọ́síjìn púpọ̀, ìka lè máa wí 98 kí CO2 máa gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fura.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń báni mí kò le yé: ó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, àyà fúnra rẹ̀ á tú u jáde. Ibi tí ọgbọ́n wà ni ọ̀pá tí èémí ń gbà bọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tan ìmọ́lẹ̀ infrarouge, tí ojú kò lè rí, gba àárín èémí kọjá. CO2 a máa gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, pàápàá èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 4.3 maikiromítà, ọ́síjìn ò sì ní í fọwọ́ kàn án. Bí CO2 bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó dé òdìkejì á ṣe kéré tó. Láti inú èyí ni ẹ̀rọ ti ń rí nọ́ńbà òpin èémí, ìyẹn ìwọ̀n CO2 nígbà tí èémí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, nọ́ńbà yìí máa ń fi 2 sí 5 mmHg (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì) kéré sí ti inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó yẹ kó wà láàárín 35 sí 45.

Àṣìṣe tó ń bíni nínú jù ni kí wọ́n rí i pé nọ́ńbà yìí ń wálẹ̀, kí wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró ti ń ṣe dáadáa. Ká ní wọ́n fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà ọjà Ouando kó máa ka ọmọlanke tó ń kó ìdọ̀tí jáde. Lánàá ó ka 40, lónìí ó ka 20. Ṣé ọjà ti wá mọ́ nìyẹn? Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ àwọn tó ń ti ọmọlanke, tí ìdọ̀tí sì ń ga sí i lẹ́yìn àtẹ àwọn aláta. Ẹni tó ń kà kò purọ́ o; ohun tó gba iwájú rẹ̀ kọjá ló kà. Ẹ̀jẹ̀ ni ọmọlanke yẹn, ọkàn ló ń tì í. Ibòmíràn sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tó dà bí ẹnu ọ̀nà tí ọmọlanke kì í gbà mọ́: afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ òfìfo yìí á dà pọ̀ mọ́ ìyókù, á là á bí omi ṣe ń la ọbẹ̀. Ẹ̀rọ lè wá máa kọ 36 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wà ní 55.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan kíndìnrín. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde sọ́nà márùn-ún, bí ọ̀kan ló ń lọ sọ́dọ̀ kíndìnrín méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ àyà sì ń fún àyà mọ́ inú, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ sọ́kàn á máa rọ́nà gbà tìpátìkúùkù, ohun tí ọkàn máa tú jáde á dín kù. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi kún agbára ẹ̀rọ náà, tí iye èémí kò sì yí padà, tí CO2 wá já láti 38 sí 28, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá ló dín kù. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà ni kíndìnrín ń retí. Bí CO2 bá sì wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín pọ̀. Apá méjèèjì ni ìyà náà ti ń bọ̀.

Kíndìnrín náà sì ni alábàáṣe ẹ̀dọ̀fóró. CO2 ń mú kí ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ni pé ó ń di acide. Ẹ̀dọ̀fóró lè tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kíndìnrín á gba ọjọ́ 3 sí 5, torí bikabónéètì, èròjà tó ń pẹ̀rọ̀ sí kíkan yìí, ló ń tọ́jú pa mọ́. Ní Copenhagen lọ́dún 1952, nígbà àjàkálẹ̀ rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, àwọn dókítà rí i pé bikabónéètì ti pọ̀ lára àwọn aláìsàn, wọ́n rò pé nǹkan mìíràn tí wọn kò lóye ló ń ṣe wọ́n. Dókítà kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen ló ní CO2 tí kò rọ́nà jáde ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wá ń fọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru.

Ẹ̀rọ náà gbọ́n. Ètò tó yí i ká ni kò gbọ́n tó: CO2 wà lójú ẹ̀rọ, ó ń tàn yòò, ìtọ̀ wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi wé ara wọn. Ìwọ̀n creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í tètè sọ̀rọ̀; kíndìnrín á ti fara pa kó tó gòkè. Ìtọ̀ máa ń tètè sọ̀rọ̀ ju ìyẹn lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ọdún 2012 ti KDIGO, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín, bí ìtọ̀ bá kéré sí 0.5 milílítà fún kílò kan ní wákàtí kan, fún wákàtí 6, ìpalára kíndìnrín ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni 60 kílò, 30 milílítà ní wákàtí kan ni ààlà náà. Bí CO2 bá ti já lójijì, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tó ń gbé e kúrò lọ́kàn kí wọ́n lè mọ CO2 inú rẹ̀, kí wọ́n sì ka ìtọ̀ wákàtí yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.