Irin Síkéètì Kì í Ṣe Ọ̀bẹ Ẹ̀fọ́

Ọ̀la ni ìrìnàjò, òní ni wọ́n ń gbé síkéètì wá, bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Ẹni kẹta rèé lóṣù yìí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń pọ́n irin síkéètì ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní kí n kàn bá òun tọ́ irin bàtà òun díẹ̀, òun ń lọ díje ní Oberstdorf. Jámánì nìyẹn o, níbi tí ẹ ó ti rí ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ń fò lórí yìnyín níwájú adájọ́. Mo yẹ irin náà wò, ẹnu yà mí. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́jà ló ti bá a pọ́n ọn! Ó tilẹ̀ ti lọ̀ lára eyín iwájú rẹ̀ dànù, bóyá ó rò pé ìdọ̀tí ni. Eyín yẹn ni wọ́n fi ń gún yìnyín fò.

Ẹ̀yin àgbà tó ń díje, mo mọ ohun tí ẹ ń ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, ẹ ń jí láàárọ̀ kùtù lọ sórí yìnyín kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Owó kóòṣì, owó aṣọ, owó ọkọ̀, àpò ara yín ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ wá fẹ́ fi owó búrẹ́dì pọ́n irin tí gbogbo rẹ̀ dúró lé?

Irin yìí nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 4, ṣùgbọ́n kò ní ojú kan bí ọ̀bẹ. Etí méjì ló ní, etí inú àti etí ìta, kòtò gbọọrọ sì wà láàárín wọn. Kòtò yẹn ni iṣẹ́ mi. Dáyámọ́ńdì ni mo fi ń gbẹ́ ojú òkúta ìpọ́n kí n tó fi kan irin. Bí mo bá gbẹ́ ojú òkúta náà kó yọ róbótó, kòtò á jìn, etí á máa bu yìnyín jẹ. Bí mo bá jẹ́ kó fẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ geere. Ọmọ ọdún 12 tó fúyẹ́ lè fẹ́ kòtò jíjìn. Àgbà tó sanra, ìwúwo rẹ̀ ti ń tẹ irin wọlé fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé kí n ṣe é bí ti ọmọ yẹn. N ò ní í ṣe é.

Obìnrin kan gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ lọ́dún tó kọjá, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin rẹ̀ mọ́. Ó ní orí ire wà lára rẹ̀. Orí ire tó ti ń dípẹtà! Bí ẹ bá ti lò ó tó wákàtí 20 sí 30, ẹ gbé e wá, kó sì ku bí ọ̀sẹ̀ kan sí ìdíje, kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá kan, ẹni ọdún 51, fi oṣù mẹ́jọ lé Lutz kiri, irú fífò kan lórí yìnyín. Orí etí ìta lèèyàn gbọ́dọ̀ wà, tí á máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, kó tó fò ó. Gbogbo ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yí sórí etí inú, àwọn adájọ́ á sì gé máàkì. Kóòṣì ń jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kẹ̀! Deanna Stellato-Dudek, tó ń fi síkéètì díje fún Kánádà, fi yìnyín sílẹ̀ fún ọdún 16, ó padà wá, ẹni 40 ọdún sì ni nígbà tí òun àti Maxime Deschamps, ẹnìkejì rẹ̀ lórí yìnyín, gba wúrà àgbáyé ní Montréal lọ́dún 2024. Ẹnì kan tún ta ẹ̀gbà ọwọ́ oní-mágínẹ́ẹ̀tì fún ìyá yìí, pé yóò mú ara rẹ̀ dọ́gba. Ó rà á. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti kọ lẹ́tà pé òun ò díje mọ́. Ńṣe ló fẹ́ kí n bá òun ta bàtà náà.

Mo dojú bàtà dé, mo gbé kọ́ìnì kan dábùú etí méjèèjì, mo ní kó wò ó láti ẹ̀yìn. Kọ́ìnì náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òrùlé. Etí inú ga ju ti ìta lọ, ẹni tó pọ́n ọn tẹ́lẹ̀ ló bà á jẹ́. Ẹ lè wo tiyín nílé lálẹ́ òní, kọ́ìnì kan ti tó.

Kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi fídíò Lutz ránṣẹ́ sí mi, etí ìta gbangba, ó ní òun ti ya lẹ́tà náà. Kóòṣì rẹ̀ ò tíì kí mi kú iṣẹ́ títí di òní.