Kílò Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀
Láwọn abúlé tó wà láàrin Òrò àti Ọ̀mù-Àrán, tí wọ́n bá rí àgbàlagbà tó ti pẹ́ tí wọ́n rí gbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú méjì ni wọ́n máa sọ: “Ara yín mà ti jọ̀ o” tàbí “Ẹ mà rù o.” Ìyìn ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ni ará ilé fi ń wo ọmọ onítọ̀hún bíi pé kò bọ́ òbí rẹ̀ yó. Ojú kò kúkú rí abẹ́ awọ, òṣùwọ̀n hẹ́lùsì sẹ́ntà náà kò sì rí i.

Egungun, omi, ọ̀rá àti iṣan ni òṣùwọ̀n ń wọ̀n pọ̀ mọ́ra wọn. Iṣan ni ẹran ara tí a fi ń dìde, tí a fi ń gbé nǹkan. Láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún ló ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Ibi tí iṣan bá kúrò, ọ̀rá ló sábà máa ń gbà á. Ìyá kan lè wọn kílò 70 nígbà tó wà ní ọmọ 45, kó tún wọn 70 nígbà tó di ọmọ 72, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó fi ń ru igi bọ̀ láti oko má lè gbé e dìde lórí ẹní mọ́.

Ìṣirò tí nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan rù tàbí ó sanra (BMI) kò le. A ó pín kílò fún gíga ẹni ní mítà, a ó sì tún fi gíga náà pín ohun tó bá jáde. Tí kò bá tó 18.5, ẹni náà rù. Láti 25, ó ti ń sanra jù. Láti 30, ó ti sanra rékọjá. Àmọ́ àgbà a máa kúrú, torí egungun ẹ̀yìn ń rì, ó sì ń tẹ̀. Ìyá wa tó ga ní mítà 1.58 nígbà èwe wà ní 28 lórí ìṣirò yìí. Tó bá ti kúrú di 1.52, kílò 70 náà ti di 30. Kò fi gírámù kan kún ara, ìwé ti sọ ọ́ di ẹni tó sanra rékọjá. Ohun mìíràn ni pé fún ẹni tó ti lé ní 65, àárín 25 sí 29 kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní jàǹbá. Rírù ló yẹ kó tètè kóni láyà jẹ.

Báwo ni àgbà abúlé ṣe ń rù tàbí kó sanra jù? Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran àti wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wá láti gáà ló ń tún iṣan ṣe. Eyín tó ti bọ́ kì í jẹ́ kí ẹran ṣeé jẹ, èyí tó bá sì rọ̀ nínú rẹ̀, ìyá àgbà á bù ú fún ọmọ-ọmọ. Àmàlà àti ẹ̀kọ ló kù, wọ́n sì rọrùn láti gbé mì. Bàbá tó ń rìn lọ sóko tẹ́lẹ̀ tó wá ń gun ọ̀kadà kò dín òkèlè kan kù. Àwọn ọmọ tó wà ní Ìlọrin àti Èkó ń fi bisíkíìtì àti míńrá ránṣẹ́, ìfẹ́ ni wọ́n kà á sí. Tí iṣu ọdún tó kọjá bá sì ti tán nínú abà, tí tuntun kò tíì jáde, àwọn tí ọmọ kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Nínú agbo ilé kan náà, ìyáálé lè rù kí ìyàwó sì sanra jù.

Ẹni tó wọn kílò 60 tó sọ 3 nù láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, dókítà ló yẹ kó rí i. Wọn á ní ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí! Ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ife, jẹjẹrẹ, oògùn tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ wuni, ìbànújẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, gbogbo wọn ló lè fà á. Omi tó kó sí ẹsẹ̀ torí àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín sì lè bo rírù náà mọ́lẹ̀ lórí òṣùwọ̀n.

Téèpù télọ̀ sàn ju òṣùwọ̀n lọ fún irú èyí. Ibi tó ki jù lẹ́yìn ojúgun, tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 31, iṣan ti dín. Ikùn tí àyíká rẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 88 fún obìnrin tàbí 102 fún ọkùnrin, ọ̀rá inú ti pọ̀. Nílé onímàle, ìrun náà ń sọ̀rọ̀: ráká 17 lójúmọ́ ni ìdìde àti ìforíkanlẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kírun lórí àga, orúnkún lè máa dùn ún lóòótọ́, àmọ́ ó lè jẹ́ itan ló gbẹ. Kó jókòó sórí àga, kó káwọ́ mọ́ àyà, kó dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára iṣan ti relẹ̀.

Ìdí nìyí tí “má jẹun alẹ́ mọ́” kò fi tó fún àgbà tó sanra. Nínú kílò mẹ́rin tí ebi bá mú lọ, nǹkan bí ọ̀kan lè jẹ́ iṣan, tí ara bá sì padà, ọ̀rá ló ń ṣáájú dé. Àmàlà ni kí ó dín kù. Ẹ̀wà àti wàrà kí ó dúró sí àyè wọn, kí ó sì máa dìde lórí àga náà lójoojúmọ́.