Wọ́n ti fẹnu kò ní kóòtù, báwo lẹjọ́ ṣe tún jí?

L'Ọ̀yọ́ níbí, tí wọ́n bá sọ fún yín pé "ẹjọ́ ilé yẹn ti parí, wọ́n ti jọ fẹnu kò ní kóòtù", ẹ bi wọ́n pé àwọn wo ló fẹnu kò. Torí àwọn méjì tó ń jà lè jókòó ti lọ́yà, wọ́n á tẹ téèmù, ìyẹn ìwé àdéhùn wọn, adájọ́ á fọwọ́ sí i, ó di ìdájọ́ nìyẹn, consent judgment làwọn lọ́yà ń pè é, kí àwọn ìdí igi yòókù, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tó gbọ́, ìdajì ilé bàbá wọn ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ò sí nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Iwájú baálé nìjà ilẹ̀ ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ò bá níyanjú ó dọ̀dọ̀ ìjòyè, ó lè dé ààfin. Òyìnbó ló gbé kóòtù ìbílẹ̀ tiwọn dé pẹ̀lú òfin 1914, wàhálà kóòtù yẹn sì wà lára ohun tó dá rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò sílẹ̀ ní 1916.

Òfin tó ti ilẹ̀kùn gan-an, Ìlú Ọba ló ti wá. Abala 49 nínú Judicature Act ti 1873 ló sọ pé àṣẹ tẹ́ ẹ bá jọ fọwọ́ sí, ẹ ò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé e lórí àfi tí kóòtù bá yọ̀ǹda. Ohun kan náà ló wà ní abala 241 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Ó sì mọ́gbọ́n dání, àbí? Ìwọ lo ní o gbà, kí ni adájọ́ ṣì dá?

Ṣùgbọ́n ẹ wo 1895, ọdún tí Captain Bower, ọ̀gá ológun Òyìnbó, rọ̀jò ọta sórí Ọ̀yọ́ yìí náà. Ẹjọ́ kan wà ní Ìlú Ọba lọ́hùn-ún láàárín Huddersfield Banking Company àti Henry Lister, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìhunṣọ sì ni o! Wọ́n ti fi ilé iṣẹ́ Lister dógò lọ́dọ̀ báńkì, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n bá kàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí gbèsè dé, báńkì gbà níwájú kóòtù pé kí wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ kan torí gbogbo wọn rò pé wọn ò kàn án mọ́lẹ̀, àṣé wọ́n ti kàn án, ẹnì kan ló lọ tú u. Àwọn adájọ́ fagi lé àṣẹ yẹn. Wọ́n ní ohun tó bá lè tú àdéhùn ká, ó lè tú àṣẹ tó jókòó sórí àdéhùn náà ká. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí ò lọ síléèwé máa lóye ìyẹn kíá.

Ibẹ̀ lọ̀nà ti là. Ẹjọ́ tuntun lẹ máa pè, kì í ṣe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ máa ní jìbìtì ló wà níbẹ̀, tàbí àṣìṣe, tàbí pé ẹni tó bu ọwọ́ lùwé ò láṣẹ. Jìbìtì yẹn le o, torí ó jọ ẹ̀sùn ọ̀daràn, ẹ gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láìkù síbì kan.

Àìláṣẹ ló rọrùn jù fún ẹbí, ní tèmi. Ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé l'Ékòó ní 1908 ti sọ pé ọmọbìnrin náà lè jẹ́ olórí ẹbí (ẹ sọ ìyẹn fún àwọn bọ̀dá yín). Nígbà tó di 1959, ẹjọ́ Ekpendu àti Erika fi kún un pé tí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè wọ́gi lé e, tí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọn ò kà mọ́ ẹjọ́ rárá náà lè tọrọ ààyè kó wọlé pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ìdí nìyẹn tí lọ́yà tó bá mọṣẹ́ fi máa kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀dà téèmù yẹn ní rẹ́jísírì, á wo iye ọwọ́ tó wà nídìí ẹ̀, á wá bi yín pé ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́. Mẹ́ta. Ọwọ́ ẹnì kan ló wà níbẹ̀.